Obìnrin Idẹ Tó Káwọ́ Pọ̀nyìn

Màmá: Ààlọ́ o!

Àwọn ọmọ: Ààlọ̀!

Màmá: Ṣé ebi ló ń pa yín ni? Ààlọ́ o!

Àwọn ọmọ: Ààlọ̀ ò!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò yà nílé Ìjàpá, kò yà nílé Ajá, ó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ó lọ ṣubú sí àgbẹ̀dẹ Ìbídùn, obìnrin tó ń da idẹ.

Àwọn ọmọ: Màmá, Ìjàpá ò sí níbẹ̀ rárá?

Kò sí níbẹ̀. Ó ti gbọ́n jù, ẹ jẹ́ kó sinmi lónìí. Ọ̀rọ̀ àwọn tí nǹkan ò yé ni mo fẹ́ sọ.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí èèyàn àti ẹranko jọ ń kí ara wọn láàárọ̀, obìnrin kan wà ní ìlú Òkèdò tó ń jẹ́ Ìbídùn. Ìda oyin ló fi ń mọ ère. Bó bá mọ ọ́n tán, á fi amọ̀ bò ó, á gbé e síná. Ìda á yọ́, á ṣàn jáde. Ibi tí ìda ti jáde ni yóò da idẹ gbígbóná sí. Bí idẹ bá tutù, á fọ́ amọ̀, ère á yọjú.

Àwọn ọmọ: Ìda yẹn wá ńkọ́?

Ó ti lọ nìyẹn. Amọ̀ náà ti fọ́. Bẹ́ ẹ bá ba ère náà jẹ́, ẹ ò lè rí ìkejì rẹ̀ mọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìbídùn ní ìyá. Ìyá náà ti dàgbà, ìgbàgbé sì ti wọlé tọ̀ ọ́. Ó kọ́kọ́ gbàgbé ibi tó fi iyọ̀ sí. Ó gbàgbé ọ̀nà ọjà. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ọmọ rẹ̀. Ìbídùn á gbé ẹ̀kọ wá fún un, ìyá á ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin obìnrin yìí. Ilé ta lẹ ti wá?"

Àwọn ọmọ: Háà!

Ẹ jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ó ń fi "ẹ̀yin" bá ọmọ tó bí sọ̀rọ̀! Bí aládùúgbò bá ní, "Ìyá, ọmọ yín mà rèé," ìyá á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni." Ohunkóhun tí wọ́n bá ti sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ni ló ń dáhùn. Bí wọ́n bá ní ewúrẹ́ ló bí, bẹ́ẹ̀ ni náà ni. Ọ̀rọ̀ yìí dun Ìbídùn wọ egungun. Kò fẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn. Ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ dá òun mọ̀ fúnra rẹ̀, kó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ló bá wọ àgbẹ̀dẹ lọ, ó mọ ère kan, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á lọ sọ fún ìyá, ìyá á sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ tó fọ́ amọ̀, ó gbé ère náà síwájú ilé, níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó yá oòrùn. Obìnrin ni ère náà. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó káwọ́ méjèèjì pọ̀nyìn. Ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀ ká bí ìwọ̀. Nǹkan kan ò sí lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan kan ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ṣì ń sùn nínú yàrá.

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ débẹ̀, ó ń wá èèpo iṣu. Ó gbójú sókè, ó rí ère, èèpo já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Yéè! Wọ́n ti de obìnrin yìí lọ́wọ́! Bí wọ́n ṣe ń dè wá lọ́jọ́ ọdún gan-an nìyí!"

Àkùkọ sáré dé. Ó yí ère po, ó tún yí i po. "Okùn dà? N ò rí okùn. Àgbàdo ló fi pamọ́ sẹ́yìn."

"Àgbàdo wá dà?" ni Ewúrẹ́ wí.

"Mo ní ó fi pamọ́! Báwo ni wàá ṣe rí i?"

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìlú dé, orí gbogbo wọn sì dàrú. Ẹnì kan ní ijó ló ń jó. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ló ń dun obìnrin náà, ká wá àgbo fún un. Nígbà tí kò yé wọn, wọ́n fi kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Obìnrin idẹ, kí lo fi sẹ́yìn?
*Jẹ́ n rí i.*
Ṣé okùn ni, àbí àgbàdo?
*Jẹ́ n rí i.*
Ọwọ́ rẹ méjèèjì, kí ló ń ṣe?
*Jẹ́ n rí i, jẹ́ n rí i o.*

Orin dé ààfin, Ọba jáde wá. Ọba yìí kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ṣùgbọ́n bàbá bàbá rẹ̀ ti ta èèyàn rí láyé ogun, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í jẹ́ kó gbádùn oorun. Ó wo ọwọ́ ère, ó yíjú sí Ìbídùn.

"Ẹni tó bá káwọ́ pọ̀nyìn, ẹrú ni tàbí ọ̀daràn. Ìbídùn, ṣé ilé bàbá mi lo fi ń ṣẹ̀sín?"

"Kábíyèsí, n ò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín."

"Kí wá ni ère yìí ń ṣe?"

Ìbídùn wo Ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ti na etí méjèèjì sílẹ̀. Bí Ìbídùn bá lanu sọ ọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ á dé yàrá ìyá kí ìyá tó jí.

"Ẹ ṣàánú mi, Kábíyèsí. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì rí i. Ẹ jẹ́ kó rí i ná."

"Ta ni onítọ̀hún?"

"N ò lè sọ, Kábíyèsí."

"Mo ti wí!" ni Àkùkọ ké. "Mo ní ó ń fi nǹkan pamọ́! Àgbàdo ni!"

Inú bí Ọba. Ó ní kí wọ́n daná, kí wọ́n fọ́ ère náà, kí wọ́n yọ́ ọ, kí wọ́n fi idẹ rẹ̀ ṣe agogo. Wọ́n gbé òòlù wá. Wọ́n ń fẹ́ iná. Ẹwìrì ń mí: fùù, fùù, fùù.

Àwọn ọmọ: Màmá, kó sọ ọ́! Kí ló dé tí kò sọ ọ́?

Èmi náà ti béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá ti gbá a létí. Olórí kunkun ni. Ó dì mọ́ ère, ó ń sunkún, kò sì sọ.

Ariwo yẹn ló jí ìyá. Ó jáde wá, ó ń fojú wá ẹni tó mọ̀ láàárín èrò, kò rí ẹnì kankan. "Ẹ kú àárọ̀ o. Ta ló kú?"

Ewúrẹ́ ní, "Ìyá, ẹrú lọmọ yín fi idẹ ṣe!"

Ìyá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Àkùkọ ní, "Irọ́ ni, Ìyá, olè àgbàdo ni!"

Ìyá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni."

Ló bá rí ère náà.

Kò sọ "bẹ́ẹ̀ ni" lọ́tẹ̀ yìí. Ó rọra gba ẹ̀yìn ère lọ, ó fọwọ́ kan ìka kékeré tó ká. Ó gbé ọwọ́ òsì tirẹ̀ sókè. Ìka kékeré tirẹ̀ náà ká. Ó wo ère, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ère. Ojú rẹ̀ dàrú ju ti gbogbo ìlú lọ.

"Ọmọ ibí yìí dà?" ló béèrè.

Ó fọwọ́ wá ẹ̀yìn ère, kò bá ọmọ kankan níbẹ̀.

"Mo ní ọmọ dà? Ta ló sọ ọ́ kalẹ̀? Omi ṣì pọ̀!"

Ó yíjú kiri, ó rí Ìbídùn tó ń sunkún. Ẹ gbọ́ o, ewú ti wà lórí Ìbídùn nígbà yẹn. Ìyá kọ ẹ̀yìn sí i, ó tẹ̀ síwájú, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí omi mù dé ọrùn, ó káwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Àwẹ̀ró, má sunkún mọ́. Gùn mí lẹ́yìn. Odò ti gbé ọ̀já lọ, ọwọ́ ni mo máa fi mú ọ. N ò ní jẹ́ kó o bọ́."

Àwọn ọmọ: Háà, Màmá!

Àwẹ̀ró ni oríkì Ìbídùn. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ìbídùn fàyà lé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. Ìyá ò lè gbé e, ẹsẹ̀ Ìbídùn ò kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ arúgbó náà dì í mú lẹ́yìn gírígírí. Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère.

Ọba wo ìyá, ó wo ère. Ó wá rántí ọdún tí odò kún gbé afárá lọ, tí obìnrin kan la omi já pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, tí gbogbo ìlú ń pariwo létí odò. Ọmọdé lòun náà nígbà yẹn. Ojú tì í.

"Ẹ pa iná yẹn," ló wí.

Àkùkọ ní, "Àgbàdo náà wá ńkọ́?"

Àwọn ọmọ: Ṣé ìyá wá ń rántí ọmọ rẹ̀ látọjọ́ náà?

Rárá. N ò ní purọ́ fún yín. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ìbídùn gbé ẹ̀kọ wá, ìyá ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin obìnrin yìí." Ṣùgbọ́n bó ti jẹun tán, ó wọlé lọ mú ọ̀já, ó lọ gbà á mọ́ ère náà lára, ó ní kí ọmọ má baà bọ́. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dé, Ìbídùn á lọ tú ọ̀já náà, á ká a, á gbé e sórí ẹní ìyá, kí ìyá lè rí i gbà lọ́la.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sùn nìyí: ohun tí kò bá yé yín, ẹ má sáré pè é ní ibi. Ẹ dúró de ẹni tí wọ́n ṣe é fún.

Àlọ́ mi ti sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Bí mo bá purọ́, kí agogo idẹ ẹnu mi má dún. Bí mo bá sòótọ́, kó dún kẹ́ ẹ gbọ́: gan-an, gan-an, gan-an!

Àwọn ọmọ: Ó dún!

Ó dáa, ẹ dìde. Ta ló ní kí n pọn òun wọlé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀! Ó yá, ẹni tó kéré jù nínú yín, gùn mí lẹ́yìn.