Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Kí Èèyàn

Ní àdúgbò Ìta-Ògì, níbi tí ọ̀nà ti tóóró débi pé adìyẹ méjì ní láti gba ara wọn láyè kí wọ́n tó kọjá, Tìámíyù ra kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Kì í mu epo, kì í rú èéfín, kì í sì í dún rárá. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ kì í tètè mọ̀ pé ó ti dé.

Ó ti rọra kan bàbá aláṣọ òkè kan ní ìdí. Ó ti gun etí agbádá Mọ́gàjí, olórí àdúgbò, níbi tí bàbá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń wá bàtà. Mọ́gàjí ránṣẹ́ pè é.

"Tìámíyù, ṣé kẹ̀kẹ́ lo rà ni àbí ológbò?"

"Kẹ̀kẹ́ ni, Bàbá."

"Hóònù rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo fọn ọ́n lánàá, Bàbá. Ẹ ní ta ni mò ń pariwo mọ́."

Mọ́gàjí ronú sí i, ó rí i pé òun sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó wá dájọ́: kí Tìámíyù wá ohun tí yóò máa dún bí táyà bá ti ń yí. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá tún fara kan èèyàn, kò gbọdọ̀ wọ Ìta-Ògì mọ́. Kẹ̀kẹ́ yìí ló sì ń bọ́ Tìámíyù, ìyàwó, ọmọ àti ìyá rẹ̀.

Ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe bá a so sípíkà kékeré mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ náà. Ó wá ku irú ohùn tí wọn yóò fi sí i. Wọ́n dán igbe ewúrẹ́ wò. Àwọn èèyàn kàn ń sọ pé "ṣíọ̀", wọn ò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n dán ìró ẹ̀rọ ìlọta wò. Àwọn obìnrin gbé ata jáde.

Ìyá Tìámíyù ló yanjú ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ tí a kọ́ kì í dédé yọ séèyàn lẹ́yìn. Ṣe ni yóò kí i." Wọ́n gba ohùn ìyá náà gan-an sílẹ̀, ohùn àgbà tó tutù: "Ẹ kú ìrìn o. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Gbogbo wọn gbà pé ọkọ̀ kan ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé tó báyìí rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá aláṣọ òkè ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó dúró sáàárín ọ̀nà, ó dúpẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti dé orí èyí tó wà ní Ṣakí kí Tìámíyù tó ráyè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Síwájú díẹ̀, Mùnírá, ìyàwó tuntun ní àdúgbò, ń ti ibi ẹ̀rọ bọ̀, ó ru abọ́ ata lílọ̀. Ó gbọ́ ohùn ìyá àgbà lẹ́yìn rẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, wọn kì í kọ́kọ́ wojú àgbà kí wọ́n tó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú táyà. "A dúpẹ́, mà."

Tìámíyù tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yọ̀, ó tún yọ̀, ó dúró sórí etí ìró Mùnírá. Ata dà bo gíláàsì iwájú. Sípíkà wá sọ èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀: "Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Mọ́gàjí dé. Ó wo ata, ó wo táyà. "Ìyàwó, kí ló dé tí o ò yà?"

"Màmá ló ń kí mi, Bàbá. Ṣé kí n máa sá fún wọn ni?"

Wọ́n lọ pe ìyá Tìámíyù. Mọ́gàjí ní, "Ìyá, ẹ bá wa tún ohùn yẹn ṣe. Ẹ kàn ní 'ẹ yà', kó tán síbẹ̀."

"Mọ́gàjí, èmi yóò wá máa jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ọmọ ọlọ́mọ náà ni táyà fẹ́ gùn yìí, Ìyá."

Ìyá Tìámíyù wo etí ìró lábẹ́ táyà. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó wá jágbe "Ẹ yà!" débi pé Mọ́gàjí fúnra rẹ̀ bọ́ sínú gọ́tà. Inú gọ́tà yẹn ló ti dájọ́ pé aṣọ ni kẹ̀kẹ́ kàn, kò kan èèyàn, kí Tìámíyù máa báṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Báyìí lọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ṣe dòwe lẹ́nu àwọn àgbà Ìta-Ògì, tí wọ́n fi ń sọ títí dòní pé ẹni a bá fẹ́ kó yà lọ́nà, a kì í bi í léèrè ọmọ.