Ìdí Tí Èèrà Fi Ń Fi Ìwo Kan Ẹrù Kó Tó Gbé E

Nígbà láéláé, ọ̀ṣọ́ lásán ni ìwo tín-ínrín méjì tó wà lórí èèrà. Ojú nìkan ló fi ń wo ẹrù. Bó bá ti rí ìta rẹ̀, ó parí, yóò gbé e lọ.

Láyé ìgbà náà, Erin ni ọba gbogbo ẹranko. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fún un, àrokò ni yóò rán. Yóò di nǹkan kékeré kan sínú ewé: orógbó bó bá jẹ́ pé ó kàn ń kí ọba, èédú bí iná bá ń bọ̀.

Ìmàdò ni olùtọ́jú àrokò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ṣùgbọ́n títú náà sú u. Ó pe àwọn èèrà, ó kọ́ wọn ní àṣẹ kan tí wọn yóò máa tẹ̀ lé bí òun kò tilẹ̀ sí níbẹ̀: "Èyí tí wọ́n fi ewé gbòdògì dì, ẹ gbé e lọ sí yàrá ọba. Èyí tí wọ́n fi háhá àgbàdo dì, ẹ gbé e lọ sí ààtàn."

Iṣẹ́ kì í rẹ èèrà, kì í sì í béèrè ìdí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìmàdò lọ sùn sínú ẹrọ̀fọ̀.

Ṣùgbọ́n etí odò ni gbòdògì ti ń hù, àwọn ẹranko ńlá ló sì ni etí odò. Àwọn ará ọ̀dàn kò ní ju háhá lọ. Nítorí náà, ìkíni àwọn ẹni ńlá ń dé ọ̀dọ̀ ọba lójoojúmọ́, ẹkún ará ọ̀dàn sì ń jẹrà lórí ààtàn. Ọba rò pé ara tu gbogbo ìlú.

Nígbà ọyẹ́, Àparò rí èéfín lókè ọ̀dàn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin sílẹ̀, kò sì lè gbé ẹyin sá. Ó fi háhá di èédú, ó rán an. Bí ọba bá rí i, àwọn ọmọ Erin yóò wá tẹ koríko mọ́lẹ̀, iná kò sì ní rí ọ̀nà kọjá. Kò sẹ́ni tó wá. Ó tún rán òmíràn. Kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tí iná fo odò kékeré tó wà láàárín òun àti ìtẹ́ Àparò, Àparò gbéra, ó di ààfin.

Ẹnu ọ̀nà ló ti rí àrokò rẹ̀ méjèèjì lórí ààtàn, wọn kò tú wọn. Ó bi olórí èèrà pé ta ló dà wọ́n síbẹ̀.

"Àwa ni, Ìyá Àparò. Ààtàn ni wọ́n ní ká gbé háhá lọ."

"Ẹ kò wo inú rẹ̀?"

"Wọn kò ní ká wo inú."

Àparò wọlé tọ ọba lọ, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ìmàdò ti jí, ẹrọ̀fọ̀ ṣì wà nímú rẹ̀. Ó ní irọ́ ni.

"Kábíyèsí, bí iná bá ń jó lóòótọ́, ṣé òun nìkan ni yóò rí i? Ẹyẹ tó fi háhá di ọ̀rọ̀ ọba, bí ẹni ń di iyọ̀ fún aládùúgbò."

Ọba ní kí wọ́n wo orí ààtàn bóyá ẹlòmíràn rán èédú wá. Ìmàdò fẹ́ kó tètè parí. Ó ní kí àwọn èèrà gbé ohunkóhun tí èédú bá wà nínú rẹ̀ wá síwájú ọba.

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ilé ìdáná ló sún mọ́ wọn jù, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀. Wọ́n gbé ààrò, wọ́n gbé iṣu sísun, wọ́n gbé ẹ̀yinná tó ṣì ń pọ́n. Ẹní ọba gbiná. Erin ní láti fi ọwọ́jà rẹ̀ fọ́n omi sí i. Ní gbogbo àsìkò yẹn, iná ọ̀dàn kò dúró dè wọ́n.

"Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀," ni Àparò wí. Ó kọjú sí èèrà. "Orí ààtàn nìkan ni kí ẹ dé. Ẹ tú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìwo kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ èédú, ẹ gbé e wá síbí. Bí kì í bá ṣe èédú, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Bí kò bá yé yín, ẹ má gbé e rárá, ẹ wá béèrè. Ẹ fi ẹyọ kan dán an wò ná, kí n rí i."

Wọ́n fi ẹyọ kan dán an wò. Ó tọ̀nà. Ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀. Èédú Ehoro dé, ti Òkété dé, ti àwọn tí ọba kò mọ orúkọ wọn dé, títí òkìtì náà fi kan orúnkún Erin. Erin wò ó. Ó rán àwọn ọmọ rẹ̀.

Wọ́n tẹ koríko mọ́lẹ̀, iná sì kú láàárín ọ̀dàn. Ilé Ehoro yè, ti Òkété yè. Ìtẹ́ Àparò wà ní apá tó ti jó.

Ìmàdò kò pàdánù oyè rẹ̀. Ọba ní ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bi Àparò bóyá ìyẹn tọ́.

Ṣùgbọ́n àṣẹ Àparò ni àwọn èèrà fi kọ́ ọmọ wọn. Àwọn tó ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà lónìí, pé kó pín fáìlì kó sì kó wọn lọ síbi tó yẹ, ohun kan náà ni wọ́n ń kọ: wo inú rẹ̀ kó o tó gbé e.

Láti ọjọ́ náà ni èèrà ti ń fi ìwo kan gbogbo ohun tó bá bá pàdé lọ́nà, títí kan èèrà ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà sì ni Àparò kò ti rán àrokò sí ẹnikẹ́ni mọ́. Bí o bá ń kọjá lọ́dàn tí ẹsẹ̀ rẹ fẹ́ dé ibi ìtẹ́ rẹ̀, iwájú ẹsẹ̀ rẹ gan-an ni yóò ti fò jáde, yóò sì pariwo sí ọ létí.