Ibi Tí Òsì Jókòó Sí
Ẹ bá mi ṣe sàdáńkátà fún Wúràọlá, ọmọbìnrin tó ń mú àlejò wo adágún orí òkè wa. Olóyè Ọ̀tún gbà á fún odidi ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n nígbà tó rí gíga òkè, ó jókòó sórí òkúta nísàlẹ̀: “Mi ò gun nǹkan kan. Bí mi ò bá sì rí adágún yẹn lónìí, o ò ní mú ẹnikẹ́ni gòkè mọ́.” Wúràọlá kúnlẹ̀. “Ẹ sinmi, bàbá. Orí òkúta yìí náà ni Olóyè Òsì jókòó sí, tí wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́.” Ọ̀tún, tí kì í fẹ́ kí Òsì bá òun dọ́gba, dìde bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ. Wọ́n dé abẹ́ igi ayùnrẹ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wúràọlá ní, “Nígbà tí Olóyè Òsì tún padà wá, ibí ló ti rẹ̀ wọ́n.” Ọ̀tún kò dúró mu omi. Bí wọ́n ṣe ń bá ibòmíràn tí Wúràọlá ní Òsì jókòó sí pàdé nìyẹn títí adágún fi tàn yanran níwájú wọn. Ọ̀tún rẹ́rìn-ín. “Òsì ò wá dé ibí?” “Wọn ò tíì wá sí òkè yìí rí rárá, bàbá. Ọ̀la ni mò ń mú wọn bọ̀.” Ọ̀tún nu òógùn ojú. “Tẹ́ ẹ bá dé ibi òkúta yẹn, sọ fún un pé mi ò jókòó rárá.”