Abẹ́rẹ́ Tí Kò Wálẹ̀

"Ẹ̀rọ dákẹ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò tíì wálẹ̀." Ohun tí wọ́n máa ń wí ní Àgbàjogún nìyẹn bí wọ́n bá rí ẹni tí ọ̀ràn dùn, tó wá jókòó jẹ́ẹ́, tí àwọn aláìmọ̀kan sì ń sọ pé ó ti gbàgbé. Àlejò tó bá gbọ́ ọ á rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ o. Kọfí ló fa ọ̀rọ̀, ikú sì wà ńbẹ̀.

Àgbẹ̀ kọfí ni Adéṣẹ̀yẹ. Láti kékeré ló ti ń ká a, tó ń sá a, tó ń tà á, àmọ́ bíi gbogbo ará ìlú rẹ̀, kò tọ́ ọ wò rí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mobọ́ládé, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ló sọ pé ìtìjú nìyẹn. Ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọfí nínú ilé wá fún àwọn òbí rẹ̀, irú èyí tó ń fi agbára ti omi gbígbóná gba inú kọfí kọjá, tí kọfí á sì máa kán sínú ife kékeré ní dúdú, ní kíki.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Adéṣẹ̀yẹ, ló kọ́ ẹ̀rọ náà mọ̀. Ó fún gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ lórúkọ. Ike omi tó wà lẹ́yìn ni àmù. Ibi tí omi ti ń hó ni ikùn. Ibi tí omi ń gbà jáde ni ẹnu, irin tí wọ́n ń rọ kọfí lílọ̀ sí, tí wọ́n sì ń há mọ́ ẹnu náà, ni ṣíbí. Níwájú, ohun kan wà bí aago tí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni ojú. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ á gòkè. Bí ife bá kún tí Àwẹ̀ró sì pa á, ẹ̀rọ á mí kanlẹ̀, "hàààà," abẹ́rẹ́ á wálẹ̀. Ìgbà yẹn ni yóò tó yọ ṣíbí lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Mobọ́lá, ẹ máa wo ojú rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i lẹ́nu," ni Àwẹ̀ró máa ń sọ. "Omi òjò ni kí ẹ sì máa bù sí i. Omi kànga wa yìí, nǹkan funfun tó ń fi sílẹ̀ nídìí kẹ́tùlù á dí i lọ́fun."

"Èmi tí mo ti ń gbin kọfí kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe é?" Adéṣẹ̀yẹ á rẹ́rìn-ín. "Gbé kọfí wá jàre."

Àwẹ̀ró kú lójijì nígbà ìkórè. Adéṣẹ̀yẹ kò sunkún. Ó dá àwọn tó wá kí i lóhùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ní ọkùnrin ni. Mobọ́ládé náà gbà bẹ́ẹ̀, torí pé bó bá pè é lórí fóònù, "Mo wà, kò séwu" ló máa ń gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Adéṣẹ̀yẹ po kọfí fúnra rẹ̀. Bó ti pa ẹ̀rọ, ẹ̀rọ mí kanlẹ̀. Orí rẹ̀ wú. Èémí Àwẹ̀ró ni! Bó ṣe máa ń mí gan-an nìyẹn bó bá ti oko dé, tó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀.

"O kú iṣẹ́ o," ni Adéṣẹ̀yẹ sọ, kó tó mọ̀ pé òun ti lanu.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń pò ó. Kì í mu ún. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́ tó ń kí ènìyàn nínú ilé tí kò sí ènìyàn, wọ́n sì ń gbọ́ ohun tó ń dá a lóhùn. Nígbà mìíràn, èémí náà á jáde nígbà tí òun alára wà lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń fa omi kànga tó ń bù sí i. Wọn kò gba abẹ́ fèrèsé rẹ̀ kọjá mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí Mobọ́ládé wọlé, ife méjì ló bá lórí tábìlì.

"Rọra," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sinmi ni."

Ẹ̀rù bà á dé ọkàn. "Bàbá, Màmá ti lọ. Màá gbé ẹ̀rọ yìí kúrò níbí."

"Bí o bá gbé e, kí ni n óò máa gbọ́?" Ohùn rẹ̀ kò gòkè rárá. "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kùn, ó gbọ̀n, kọfí kán díẹ̀, ó sì dá. Ó pa á. Wọ́n dúró. Ẹ̀rọ kò mí. Ilé pa lọ́lọ́, àfi ohun kan tó ń họ nínú ikùn ẹ̀rọ náà bí èékánná.

"O ti dẹ́rù bà á," ni Adéṣẹ̀yẹ wí. "Ó ti dákú!"

Ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe ẹni tó bá dákú nílẹ̀ wa: a ó máa pe orúkọ rẹ̀, a ó sì fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀ kí eyín má baà pàdé. Ohun tí ọwọ́ Adéṣẹ̀yẹ mọ̀ nìyẹn. "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró o! Má lọ!" Ó di ṣíbí ẹ̀rọ náà mú.

Mobọ́ládé wo ojú ẹ̀rọ. "Bàbá, ẹ má ṣí i! Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò tíì wálẹ̀!"

Ó ti ṣí i. Kọfí gbígbóná bú jáde, ó bò ó lójú, ó bò ó lọ́wọ́. Èémí tó há sínú ẹ̀rọ náà tú jáde, ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó tó tán ni Adéṣẹ̀yẹ ké. Gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó rò pé iná nìkan ló ń jó o. Igbe tí kò ké létí sàréè ni. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ojú rẹ̀ ọ̀tún kò ríran mọ́. Níbi tó dùbúlẹ̀ sí, tí aṣọ wé mọ́ ọn lójú, Mobọ́ládé kúnlẹ̀ tì í.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ṣe dákẹ́ yẹn, mo rò pé ìbànújẹ́ yín ti tán."

"Ìyá rẹ ní kí n máa wo ojú ẹ̀rọ kí n tó ṣí i," ni bàbá náà wí. "Èmi ò wò ó. Ta ló wo tèmi?"

Ẹ̀rọ náà ṣì wà nínú ilé yẹn. Wọ́n ti gé okùn iná rẹ̀, kò sí omi nínú àmù rẹ̀, ikùn rẹ̀ ti gbẹ. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì dúró sókè. Àwọn kan ní ó há ni. Ẹni tó bá dá lójú, kó lọ fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, bí o bá rí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ní kò séwu, má tíì máa lọ sílé. Sún mọ́ ọn, kí o wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ dákẹ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò tíì wálẹ̀.