Ẹ́ńjìnnì Funfun Akínmúrelé

Ìdààmú bá Akínmúrelé, awakọ̀ tó ń kó kòkó láti oko wá sí ìlú. Ọ́ìlì ń gbẹ nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ń gbà lọ. Bó bá bu ú kún láàárọ̀, yóò ti fà kí oòrùn tó wọ̀. Ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló tà tó fi ra ọkọ̀ náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, kò tún sí ilẹ̀ mìíràn tí yóò tà. Ohun kan náà ló ń ṣe ọkọ̀ Lójẹ̀dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ni àwọn méjèèjì bá mú obì, wọ́n tọ Ìyá Abọgún lọ, arúgbó tó ń tọ́jú ojúbọ Ògún ní àgbàlá àwọn mẹkáníìkì.

Ìyá ta omi tútù sí irin, ó la obì, ó dà á. Ó wò ó títí, ó ní:

"Aṣọ dúdú kì í tú àṣírí ẹrẹ̀, àlà kì í bo àbàwọ́n. Ohun tí obì wí nìyẹn. Ẹ óò là á já, ṣùgbọ́n ẹ óò rúbọ."

"Kí la ó rú, Ìyá?"

"Àkùkọ, iṣu sísun, epo pupa. Ìyẹn ò le. Èyí tó le ni pé kí ẹ fọwọ́ ara yín ha ẹ́ńjìnnì yín títí irin yóò fi wà níhòòhò, kí ẹ wá kùn ún ní ọ̀dà funfun. Láràárọ̀, kí ẹ tó ṣáná sí i, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ kí Ògún, kí ẹ sì wò ó dáadáa. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ má nù ún títí ẹ ó fi mọ orísun rẹ̀."

Lójẹ̀dé bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ìyá, funfun kẹ̀? Nínú ọ́ìlì àti èéfín? Àwọn ará garéèjì á fi mí ṣẹ̀sín!"

Ó ti ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé kan tó dúdú, tó sì ń dán. Ó mú àkùkọ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà tirẹ̀ ló lò, orí ìdọ̀tí àtijọ́ ló sì kùn ún lé. Ibẹ̀ lọmọ aráyé ti máa ń ṣì í o. A rò pé ẹran nìkan lẹbọ. Ẹran ò ṣòro yọ̀ǹda. Ohun tọ́kàn ẹni ń fẹ́ ló ṣòro.

Akínmúrelé bọ́ bùbá, ó fi kẹrosíìnì fọ ẹ́ńjìnnì, ó ha á títí ìka rẹ̀ fi bó. Ó kùn ún, ó funfun báláú. Ni ẹ̀fẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀. "Ọkọ ìyàwó, ọjọ́ wo la ó wá jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó ẹ́ńjìnnì yìí?" Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ti di ẹrù, òkè Ọlọ́ta ni àwọn méjèèjì fẹ́ gbà. Akínmúrelé ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kí Ògún. Ó rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára funfun. Ọwọ́ rẹ̀ ti na àkísà sí i kó tó rántí ọ̀rọ̀ Ìyá. Ó fà á padà. Ó fojú tọ ìlà náà lọ, ó sì bá a lẹ́nu ibi tí irin ti sán, tí kò gùn ju ìpéǹpéjú lọ. Ó ní kí wọ́n já ẹrù, ó ránṣẹ́ pe wẹ́dà kó wá jó o pọ̀.

"Lójẹ̀dé, jọ̀ọ́, wo tìrẹ náà!"

"Tèmi ń dán. Ọkọ ìyàwó, ó dàbọ̀ o!"

Ní àárín òkè, ẹ́ńjìnnì Lójẹ̀dé ké, ó gan. Ọkọ̀ fẹ̀yìn yí, ó lọ kọ lu bèbè, kòkó dà sílẹ̀ yalayala. Ọpẹ́lọpẹ́ Ògún, ẹ̀mí ò lọ sí i. Nígbà tí wọ́n ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò, irin ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló gbé e lọ.

Akínmúrelé gbọ́, ó rú, ẹbọ rẹ̀ dà. Owó tí ọkọ̀ náà pa ló fi ra ilẹ̀ ìyá rẹ̀ padà. Lójẹ̀dé gbọ́, ó fi rẹ́rìn-ín, ó wá ń kábàámọ̀. Ọkọ̀ kejì tí Akínmúrelé rà ló ń bá a wà báyìí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ funfun. Láràárọ̀, kí ará garéèjì kankan tó dé, Lójẹ̀dé ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń wò ó.