Gbúre Tó Hù Dé Ẹnu Ọ̀nà Ìjàpá

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Kí ló ń hù lẹ́yìn ògiri láìjẹ́ pé a gbìn ín, tí aláìsàn ń jẹ ẹ́ tó sì ń dìde rìn? Ẹ má tíì dáhùn. Àlọ́ mi yí bìrí, ó balẹ̀ sẹ́yìn Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Yánníbo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Iyán kò lọ lẹ́nu rẹ̀, ẹran kò lọ. Ọbẹ̀ gbúre tútù nìkan ló ń gbé e ró. Ìyá Ẹtu ló ni ebè gbúre létí odò, àṣà ìlú ẹranko sì ni pé ilé tí aláìsàn bá wà yóò máa já ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀ láràárọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ìjàpá, já a, má tu ú," ni Ìyá Ẹtu máa ń wí. "Èyí tí o bá já yóò tún rúwé."

"Mo gbọ́, ìyá."

Ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan, ọbẹ̀ ẹnì kan ni. Ṣíbí lásán ni Ìjàpá ń lá. Ebi ń pa á, ó sì ń rò ó pé, "Bí gbogbo gbúre yìí bá wà nílé mi, èmi àti ìyàwó mi á yó. Àwọn tó kù á wá máa gbé iṣu wá bẹ̀ mí!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ìyá Ẹtu sùn lọ, Ìjàpá tu gbogbo rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ó dì í, ó gbé e kẹ́yìn, ó ń sáré lọ. Ẹ sì mọ ẹ̀yìn Ìjàpá, ó rí róbótó. Ẹrù kì í jókòó síbẹ̀. Gbúre kan bọ́ níhìn-ín, òmíràn bọ́ lọ́hùn-ún. Ọrùn rẹ̀ kò ṣeé yí wo ẹ̀yìn. Nígbà tó délé, ó ki ìyókù sínú ìkòkò, ó dé e pa, ó jókòó lé e.

Òjò rọ̀. Ariwo olè gba ìlú.

"Ọkọ mi, ọbẹ̀ mi dà?"

"Fara dà á. Òórùn ọbẹ̀ á tú àṣírí wa."

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ariwo rọlẹ̀, tí Ìjàpá ṣí ìkòkò, gbúre ti jẹrà, ó ti di omi dúdú. Yánníbo kọjú sí ògiri, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìjàpá sáré tọ Ìyá Ẹtu lọ létí odò, láìwo ilẹ̀.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ̀kúnwọ́ kan péré!"

"O ò gbọ́ pé olè ti tu ú?"

"Háà! Olè burúkú! Níbo ló ń gbé?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín lórí igi. "Bàbá Ìjàpá, ẹ wo ẹ̀yìn yín! Àní kí ẹ yí gbogbo ara yín padà!"

Ìjàpá yí padà. Gbúre ti hù tẹ̀léra, láti ebè títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Òjò ló gbìn ín," ni Ìjàpá wí.

"Ẹnu ọ̀nà tiyín nìkan ni òjò mọ̀?" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bi í.

Àwọn ẹranko sáré dé, wọ́n gbé kùmọ̀. Ìyá Ẹtu na ọwọ́. "Ẹ sọ kùmọ̀ sílẹ̀. Aláìsàn ń retí ọbẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé e fún Ìjàpá. "Já a..."

"...má tu ú," ni Ìjàpá fi jẹ́jẹ́ parí rẹ̀.

Yánníbo mu ọbẹ̀ náà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dúró.

Ìdí nìyí tí gbúre fi ń hù lẹ́bàá ọ̀nà láìsí ẹni tó gbìn ín, tí ẹnikẹ́ni sì lè já nínú rẹ̀. Ìdí nìyí náà tí Ìjàpá fi ń tẹrí mọ́lẹ̀ rìn.

Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí gbúre má hù lẹ́yìn ilé mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wò ó lówùúrọ̀ ọ̀la: ó ti hù.