Ọ̀rá Ìbọn Ilé Ọdẹ́níran

Ilé amọ̀kòkò ni wọ́n ti bí Àwẹ̀ró, iná kò sì bà á lẹ́rù rí. Láti kékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ kó koríko gbígbẹ àti igi bo ìkòkò tútù, tí wọn yóò fi iná sí i, tí yóò sì máa jó bùlàbùlà títí amọ̀ yóò fi pọ́n. Ohun tí ó mọ̀ nípa iná kò ju ẹyọ kan lọ: bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe ń dára tó. Ìmọ̀ yìí ló gbé wá sí abúlé Agó-Ẹmi nígbà tí Ọdẹ́níran, ọdẹ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta, fẹ́ ẹ sílé.

Ọmọ kan ṣoṣo ni olóògbé fi sílẹ̀, Ọdẹ́bùnmi, ọmọ ọdún méjìlá. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, kì í pè é lórúkọ. Nítorí náà, Àwẹ̀ró sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Orúkọ náà wuyì, àmọ́ kí a má parọ́, oṣù mẹ́ta gbáko ni Àwẹ̀ró lò nínú ilé náà kí ó tó mọ̀ bóyá eyín ọ̀hún funfun tàbí kò funfun. Ọmọ náà kò yájú sí i. Ó ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ó ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò pa ẹnu dé.

Ó dun Àwẹ̀ró wọnú egungun. Ọdún mẹ́fà ló lò nílé ọkọ àkọ́fẹ́ láìrọ́mọ bí, kí wọ́n tó dá a padà sílé baba rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé Ọdẹ́níran ní ọmọbìnrin kan tí kò ní ìyá, ọmọ náà ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lójú kí ó tó wo baba. Ìyá àgbà, ìyá olóògbé, wá tún ránṣẹ́ láti ìlú rẹ̀ pé: “Bí iṣu tuntun bá ti jáde, mò ń bọ̀. Bí ara ọmọ mi bá balẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kó dúró. Bí kò bá balẹ̀, màá mú un lọ.” Alẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ yìí dé, Ọdẹ́níran kò lè jẹun. Àwẹ̀ró náà kò jẹ.

Ìdí ààrò nìkan ni ojú ọmọ náà ti máa ń tú ká, nígbà tí ó bá ń yọ́ ọ̀rá ìbọn baba rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo ìbọn ṣakabùlà yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀tù a máa fi èérí sílẹ̀ nínú ìbọn. Bí ọdẹ kò bá fi ọ̀rá pa àkísà tí ó fi wé ọta, èérí náà yóò gan, ọta kejì kò sì ní lọ geere. Òrí ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá yìí, wọn a sì fi ìda oyin díẹ̀ sí i kí ó má baà ṣàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú ìwo ẹfọ̀n ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ní Agó-Ẹmi, ìyàwó ọdẹ ló ń yọ́ ọ nínú ilé. Wọ́n ní obìnrin tó bá ń yọ́ ọ̀rá fún ọdẹ ni ẹ̀mí ọdẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá Ọdẹ́bùnmi ti kú, ọmọ náà ló ń ṣe é, bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ gẹ́lẹ́.

Àwọn obìnrin agbolé kò jẹ́ kí Àwẹ̀ró gbádùn. “Ìyàwó, ṣé ọmọdé ló ń yọ́ ọ̀rá ọkọ rẹ ni?” Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ ẹ́ nínú. Nígbà tó yá, ó kojú ọkọ rẹ̀.

“Baálé mi, iṣẹ́ ìyàwó ni. Ẹ gbà á fún mi.”

“Ṣe sùúrù, Àwẹ̀ró,” ni Ọdẹ́níran wí. “Ohun kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ nìyẹn.”

“Ṣé àlejò wá ni mí nílé yìí títí láé?”

Ọdẹ́níran jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, kò fẹ́ ariwo. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó pàṣẹ fún un. Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀, ó gbé ìkòkò ọ̀rá àti ìwo ẹfọ̀n síwájú Àwẹ̀ró, ó sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Àwẹ̀ró gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ibi tí ó dúró sí. Ó ti gba ohun tí ó fẹ́, inú rẹ̀ kò sì dùn rárá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ìmàdò bẹ̀rẹ̀ sí í hú iṣu oko wọn, àwọn ọdẹ sì ṣe àdéhùn láti lọ dọdẹ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀rá kò sí nínú ìwo mọ́. Àwẹ̀ró dáná, ó dáná ilé amọ̀kòkò. Ó gbé ìkòkò òrí lé e lórí tààrà, ó ju ìda sí i, ó sì ń koná mọ́ ọn títí ọ̀rá fi ń hó yaya, tí èéfín ń jáde lára rẹ̀. Kí ó lè tètè dì, ó gbé e ka inú omi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn lódò. Ọ̀rá náà dì lóòótọ́. Ó le gbagidi, ó ṣe kókó kókó, ìda ti yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ amọ̀kòkò fi ìka kàn án, inú rẹ̀ dùn, nítorí ìkòkò tó bá le ni ìkòkò tó dára.

Ọdẹ́bùnmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì tún pa á dé.

Lọ́jọ́ kejì, ìbọn Ọdẹ́níran kọ́kọ́ dún dáadáa, ó sì ṣe ìmàdò kan léṣe. Ó yára fẹ́ ki òmíràn. Ọ̀rá tí ó fi ìka mú rún lọ́wọ́ rẹ̀ bíi gààrí, kò sì mọ́ àkísà lára. Ó ti ọta wọ inú ìbọn, ọta dé àárín, ó há. Kò lọ sísàlẹ̀, kò padà sókè. Ọdẹ tó bá yìn ín báyẹn, ojú ara rẹ̀ ni ìbọn yóò bẹ́ sí. Ó jù ú sílẹ̀, ó sá lọ sídìí igi, àmọ́ ìmàdò tó fara gbọgbẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì fi eyín ya itan rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló pa ẹran náà, tí wọ́n sì gbé Ọdẹ́níran wálé.

Olórí àwọn ọdẹ na ìwo ẹfọ̀n síta. “Ta ló yọ́ èyí?”

Àwẹ̀ró wólẹ̀. “Èmi ni, baba.”

“Èmi náà mọ̀!” Ọdẹ́bùnmi ló kígbe bẹ́ẹ̀. “Mo rí i pé ó ti bàjẹ́. Mi ò sọ̀rọ̀. Inú ló ń bí mi.”

Gbogbo ènìyàn ń retí kí Àwẹ̀ró gbá a létí. Ó fà á mọ́ra ni. “Èmi ni mo fi agbára gbà á lọ́wọ́ rẹ,” ni ó wí. “Ẹni tí wọ́n fi agbára gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó tún máa fi ẹnu ṣe ìrànlọ́wọ́ ni?” Àwọn méjèèjì wá bú sẹ́kún.

Ọdẹ́níran gbé orí sókè lórí ẹní. “Mi ò tíì kú o. Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún, ẹ bá mi wá omi mu.”

Nígbà tí egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í jinná, Àwẹ̀ró gbé ìkòkò ọ̀rá padà fún ọmọ náà. “Tìrẹ ni. Bí o bá gbà, màá máa bá ọ wá igi. Bí o bá sì fẹ́ dá nìkan wà, màá bọ́ síta.”

Ọmọ náà gba ìkòkò náà. “Ẹ máa wá igi,” ni ó wí. “Àmọ́ ẹ má wá púpọ̀.”

Ó kọ́ ọ láti gbé ìkòkò kékeré sínú ìkòkò omi, kí iná má baà kan ọ̀rá. Ìda ni kó kọ́kọ́ yọ́, kí òrí tó wọlé. Bí Àwẹ̀ró bá fẹ́ koná, ọmọ náà á di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ìyá mi ní bó bá ti hó, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀.” Wọn a fi ewé bò ó síbi òjìji, wọn a sì jókòó tì í títí yóò fi dì. Níbi ìjókòó yìí ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀: bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, orin tó ń kọ, oúnjẹ tí kò fẹ́ràn. Àwẹ̀ró kò sọ pé, “Èmi ni ìyá rẹ báyìí.” Ó kàn ń bi í pé, “Kí ló tún máa ń ṣe?”

Ìdí ìkòkò yìí ni ìyá àgbà bá wọn nígbà tí iṣu tuntun jáde.

“Dìde, ọmọ mi. Mo wá mú ọ.”

Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀ kí i, àmọ́ kò kúrò nídìí ààrò. “Ẹ kú ìrìn, ìyá àgbà. Ẹ má bínú, mi ò lè bá yín lọ. Ìyá mi yìí kò tíì mọ bí a ṣe ń kó o sínú ìwo.”

Àwẹ̀ró gbọ́ ohun tí ọmọ náà pè é. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè nù ún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi di ìkòkò mú.

Ìyá àgbà ti ìka bọ inú ọ̀rá tó ti dì. Ó fi ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì yọ́ síbẹ̀ mìnìjọ̀. “Ọwọ́ ọmọ mi tó kú nìyí,” ni ó wí. “Báwo lo ṣe rí i ṣe?”

“Ìyá, mo kọ́kọ́ fi agbára mú un,” ni Àwẹ̀ró dáhùn. “Ó le bí òkúta, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá run. Ìgbà tí mo fi ẹ̀sọ̀ mú un ló tó rọ̀.”

Ìyá àgbà wo ọ̀rá náà, ó wo ọmọ náà, kò sì béèrè ohun mìíràn. Òun nìkan ló padà sílé lọ́jọ́ kẹta, gbogbo ibi tó ti sinmi lójú ọ̀nà ló sì ti sọ ohun tí ìyàwó Ọdẹ́níran wí. Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ, òun ni wọ́n sì fi ń pòwe fún wa títí di òní olónìí pé: “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.”